Obì Ọgọ́fà Yèyé Fèbè

Ní ọdún tí wọ́n fẹ́ lé wa kúrò lórí ilẹ̀ wa, iṣu tuntun ti jáde, àgbàdo ti gbẹ, kò sì sí ẹni tí ó fi inú dídùn jẹ ọ̀kankan nínú wọn. Ìlú tí à ń pè ní Ìdí-Obì lónìí, Gbóngbò ni orúkọ rẹ̀ nígbà náà: ọgọ́ta ilé, ṣọ́ọ̀ṣì kan tí a fi amọ̀ kọ́, àti oko tí ó lọ láti etí odò Ọ̀yì títí dé ẹsẹ̀ Àpáta Ẹyẹlé. Ìwé kan dé láti ọ̀dọ̀ Eléjìgan, ọba Èjìgan, ìlú ńlá tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn wa. Ìwé náà kò gùn. Ó ní ilẹ̀ tí a ń gbé, ilẹ̀ Èjìgan ni; ó ní àlejò ni wá lórí rẹ̀; ó ní ọdún méjìdínlógójì ni a ti fi ń san ìṣákọ́lẹ̀, èyí tí àlejò máa ń gbé wá fún onílẹ̀ lọ́dọọdún láti fi hàn pé ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀; Èjìgan sì ti fẹ́ gba nǹkan wọn báyìí. Adájọ́ yóò wá fi ojú ara rẹ̀ wo ilẹ̀ náà ní oṣù tí ń bọ̀. Bí ó bá gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, kí ọdún tó yí, gbogbo Gbóngbò, àti arúgbó àti ọmọ ọwọ́, yóò di ẹrù, wọn yóò sì máa lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò tí ì mọ̀.

Ohun tí ó dun àwọn àgbà jù nínú ìwé náà ni pé kì í ṣe irọ́ pátápátá. Lóòótọ́ ni iṣu ń lọ láti Gbóngbò sí Èjìgan lọ́dọọdún. Iṣu méjìlá tí a fọ̀ mọ́, tí a sì fi màrìwò dì, ni ó máa ń gba ẹnu ọ̀nà ààfin Eléjìgan wọlé ní Sátidé tí ó ṣáájú Ìkórè, lójú gbogbo Èjìgan. Ẹni tí ó dá àṣà náà sílẹ̀, tí ó tilẹ̀ ń fi orí ara rẹ̀ ru iṣu náà nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Fèbè Àwẹ̀ró ni, ìyá ìyá ìyá mi, ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ ìtàn yìí.

Àwẹ̀ró ajíṣáájú-agogo! Arìn-máà-wẹ̀yìn! Obìnrin kan ṣoṣo tí ó tó agbo ọkùnrin! Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń kì í. Kí ẹ má sì rò pé òmìrán ni. Obìnrin kúkúrú ni, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ a máa tiro díẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú. Òun ni ó ń lu agogo ìsìn ní Gbóngbò. Bí ẹnìkan bá sì pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, kí onítọ̀hún tó jókòó, ojú Fèbè yóò ti bá a wí tán. Ẹni tí ó bá sùn nígbà ìwàásù, Fèbè a ja á létí, ìbáà jẹ́ Baálẹ̀. Yèyé ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí pé òun nìkan ni ó kù láyé nínú àwọn mọ́kànlá tí ó sá fún ogun, tí wọ́n sì kọjá odò Ọ̀yì wá tẹ ibẹ̀ dó. Ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí Eléjìgan àtijọ́, bàbá èyí tí ó kọ ìwé, bá wọn rìn láti odò dé àpáta, tí ó fi ọ̀pá nàró, tí ó sì ní, "Láti odò dé ibí, tiyín ni. Mi ò bi yín léèrè ohunkóhun." Fèbè ni ó gbé akèrègbè omi tẹ̀lé wọn lọ́jọ́ náà. Wọn kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Gbogbo àwọn tí ó gbọ́ ọ ti kú.

Níbo ni ọ̀rọ̀ iṣu ti wá wọ̀ ọ́? Ní ìgbà àkọ́kọ́, Gbóngbò kò ní àlùfáà. Ìjọ tí ó bí tiwa wà ní Èjìgan, àlùfáà ibẹ̀ a sì máa wá sọ́dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún láti wá ri àwọn ọmọ wa bọmi. Èjìgan kò tí ì kọ́ ilé fún un, nítorí náà, yàrá méjì ni ọba fún un nínú ààfin. Fèbè rò ó pé kò bójú mu kí á máa ṣe Ìkórè kí ẹni tí ń ri àwọn ọmọ wa bọmi má tọ́ nínú rẹ̀ wò. Ó di iṣu méjìlá, nítorí àwọn Àpọ́sítélì méjìlá, ó sì rù ú lọ. Ọ̀nà tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ àlùfáà, ẹnu ọ̀nà ààfin ni ó gbà. Àlùfáà yẹn kú, òmíràn dé, wọ́n kọ́ ilé fún èyí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, síbẹ̀ iṣu ṣì ń gba ọ̀nà ààfin lọ, nítorí pé ọ̀nà tí ó mọ́ wọn lára nìyẹn. Ìfẹ́ Ọlọ́run ni obìnrin yìí ń bá kiri tí ó fi kó ìlú rẹ̀ sí wàhálà. Mo mọ̀ pé èébú ni ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ jọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Àṣà mìíràn tún wà tí ó jẹ́ tirẹ̀. Bí àlùfáà bá ti ri ọmọ bọmi tán, Fèbè kì í jẹ́ kí wọ́n da omi náà nù sí ibi tí ewúrẹ́ ń gbà kọjá. Ó ní omi tí a ti pe orúkọ Mẹ́talọ́kan sí kì í ṣe omi ìfọwọ́. Fèbè a gbé abọ́ tánganran tí omi náà wà nínú rẹ̀ dání, a mú ọ̀dọ́ igi obì àbàtà kan, a lọ sí ẹ̀bá ààlà níbi tí ẹran kì í dé, a gbin obì náà, a sì da omi náà sí ìdí rẹ̀. Ọmọ kan, igi kan. Àwọn ọkùnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Nígbà tí ìwé Eléjìgan fi dé, igi obì ọgọ́fà ni ó tò láti odò dé àpáta, ojú wa sì ti mọ́ wọn dé ibi pé a kò rí wọn mọ́.

Baálẹ̀ Ògúnmódedé pe àwọn àgbà jọ sí inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ránṣẹ́ pe Fèbè. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni nígbà náà.

"Yèyé," Baálẹ̀ wí, "ẹ̀yin nìkan ló kù nínú àwọn tó tẹ ibí dó. Ẹ̀yin ni adájọ́ máa bi. Iṣu wo? Ẹ ò mọ iṣu kankan. Ẹ ò rán an rí. Ọ̀rọ̀ bùṣe."

"Bíbélì ni wọ́n máa gbé lé mi lọ́wọ́, Baálẹ̀."

"A mọ̀."

"Kí n dì í mú, kí n wá ní n ò rán iṣu?"

"Kí lẹ wá fẹ́ ká ṣe, Yèyé? Ká gbé ilé wa lérí?"

Kò tí ì dáhùn tí Ṣàdírákì, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ó jẹ́ bàbá ìjọ, fi dìde dúró. "Yèyé mi, ẹ wo ojú mi. Ọmọ mẹ́jọ ni mo ní. Ibo ni kí n kó wọn lọ nítorí iṣu méjìlá?"

Fèbè wo ojú rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, Ṣàdírákì. Má rò pé ẹ̀rù ò bà mí. Látọjọ́ tí ìwé yẹn ti dé, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún wọn ní ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ọgọ́fà ni mo ti gbé dání níwájú Ọlọ́run nínú ilé yìí, tí mo sọ fún ìyá àti bàbá wọn pé kí wọ́n kọ́ wọn ní òtítọ́. N ò lè fi ọwọ́ kan náà búra èké. Ẹ ní kí n ṣe ohun mìíràn, n óò ṣe é. Èyí, n ò lè ṣe é."

Ariwo ta. Ẹnìkan ní ó fẹ́ tà wá. Ẹlòmíràn ní arán ló ń ṣe é. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fẹnu kò pé kí ó má jáde nílé lọ́jọ́ tí adájọ́ bá dé. Àwọn yóò sọ pé ara rẹ̀ kò yá. Láti ọjọ́ náà lọ, ìkíni tí wọ́n ń kí i kúrú. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn obìnrin sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ńṣì. Ṣàdírákì, tí kì í jí kí ó má wá dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀, kò yọjú fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko. Èyí ni ó dùn ún jù. Síbẹ̀, kò pẹ́ kí ó tó lu agogo lọ́jọ́ kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ọjọ́ keje ni ó ku ọ̀la tí adájọ́ yóò dé. Fèbè ń bọ̀ láti ìsìn òwúrọ̀, agogo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, oòrùn ti là, nígbà tí ó gbọ́ ìró àáké láti ọ̀nà ààlà. Ó dúró. Ó tún gbọ́ ọ. Ìró náà kì í ṣe ti ẹni tí ń ṣẹ́ igi ìdáná. Ó fi ẹsẹ̀ tí ń tiro sáré bí ó ṣe lè sáré tó, ṣùgbọ́n kí ó tó dé ibẹ̀, igi kan ti wó. Igi keje ni, ibi tí ọ̀nà Èjìgan ti gé ààlà kọjá. Ọkùnrin márùn-ún ni ó dúró yí i ká pẹ̀lú àáké. Fèbè wo kùkùté náà. Ó kọjá wọn, ó jókòó sí ìdí igi kẹjọ, ó fẹ̀yìn tì í, ó sì gbé agogo lé itan.

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin aláyà gbàràgàdà kan tí ń jẹ́ Dáníẹ́lì, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. A ò bá yín jà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wa là ń jẹ́."

"Ta ló rán yín?"

"Ọ̀dọ̀fin ni." Ọ̀dọ̀fin ni ìjòyè tí ń ṣe ẹjọ́ náà fún Èjìgan.

"Kí ni obì fi Ọ̀dọ̀fin ṣe?"

Dáníẹ́lì kò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tí ó kó lẹ́yìn kò lè pa ẹnu mọ́. "Wọ́n ní bí adájọ́ bá rí obì níbí, ọ̀rọ̀ Èjìgan bàjẹ́ nìyẹn. Àlejò wo lonílẹ̀ ń fún láyè kó gbin obì?"

Ọ̀rọ̀ náà yé Fèbè kíá. Òótọ́ ni. Ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, gbogbo ohun tí ọdún kan ń gbà tán. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin obì, kò gbọdọ̀ gbin kòkó, nítorí ẹni tí ó gbin igi tí ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò ká, ó ń sọ pé òun ni ó ni ilẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Gbóngbò. A mọ̀ ọ́n, a sì ń rìn kọjá lábẹ́ obì ọgọ́fà lójoojúmọ́, à ń sunkún pé a kò ní ẹlẹ́rìí. Mo ti gbìyànjú láti wá àwíjàre fún àwọn baba wa lórí ọ̀rọ̀ yìí, n kò tí ì rí i.

"Dáníẹ́lì ọmọ Ìbíwùnmí," Fèbè wí, "oko ni ìyá rẹ ti ń bọ̀ tí ọmọ fi mú un ní ẹnu ọ̀nà mi. Orí ẹní mi la ti gbẹ̀bí ẹ. Àlùfáà dé lọ́sẹ̀ kẹta, inú abọ́ mi ló ti rì ọ́ bọmi. Igi kẹtàlélọ́gbọ̀n ni tìrẹ. Ọwọ́ mi yìí ló da omi náà sí ìdí ẹ̀. Bí ẹ bá máa gé wọn, lọ bẹ̀rẹ̀ látorí tìẹ. N óò jókòó síbí dè ọ́."

Dáníẹ́lì lọ. Wọ́n rí i tí ó ń ka igi bí ó ti ń lọ, tí ó dúró, tí ó sì pẹ́ níbẹ̀. Fèbè kò mọ̀ bóyá yóò gé e tàbí kò ní gé e. Ó sọ fún ìyá ìyá mi lẹ́yìn náà pé ìgbà náà ni òun gbàgbé gbogbo àdúrà tí òun mọ̀. Nígbà tí Dáníẹ́lì padà, àáké ti wálẹ̀ láti èjìká rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ó wí fún àwọn èèyàn rẹ̀.

"Kí la máa sọ fún Ọ̀dọ̀fin?"

"Kó wá gé e fúnra rẹ̀."

Wọ́n lọ tán kí Fèbè tó lu agogo. Gbogbo Gbóngbò sáré dé. Nígbà tí ó sọ ohun tí ó gbọ́, Baálẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìwá àga. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kò tán nínú rẹ̀. "Bí ẹ bá fẹnu yín gbà pé ẹ rán iṣu, Yèyé, ta ló máa dúró gbọ́ ti obì? Wọ́n á ní a jí i gbìn ni."

"Wọn ò lè sọ bẹ́ẹ̀," ni Fèbè wí. "Lọ́la, n óò jáde."

Kò sí ẹni tí ó dá a dúró.

Adájọ́ tí ó dé lọ́jọ́ kejì, òyìnbó ni, ògbifọ̀ kan sì ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un. Abẹ́ igi ní etí odò ni wọ́n gbé àga rẹ̀ sí. Èjìgan pọ̀ ju tiwa lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Wọ́n gbé Bíbélì fún Fèbè, ó búra, Ọ̀dọ̀fin sì sún mọ́ ọn pẹ̀lú agbádá tí ó balẹ̀.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń rán iṣu lọ sí ààfin Èjìgan lọ́dọọdún, àbí ẹ̀yin kọ́?"

"Èmi ni."

Igbe sọ láàárín àwọn ènìyàn wa. Baálẹ̀ fi agbádá bojú.

"Fún ọdún mélòó?"

"Méjìdínlógójì."

Ọ̀dọ̀fin padà lọ jókòó. Ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Adájọ́ bi Fèbè bóyá ìṣákọ́lẹ̀ ni.

"Rárá. Ìkórè Ọlọ́run ni. Àlùfáà ni mò ń gbé e fún. Inú ààfin ló ń gbé nígbà náà. Bó bá jẹ́ pé inú ọjà ló ń gbé, ọjà ni ǹ bá gbé e lọ."

Adájọ́ ní ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu Èjìgan náà nìyí, pé kí ni òun yóò fi mọ èyí tí ó jẹ́ òótọ́? Fèbè dìde. "Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé ìrìbọmi Èjìgan wá. Kí ẹ sì dìde, kí ẹ bá mi rìn."

Ìwé náà ti wà níbẹ̀. Dáníẹ́lì ti lọ bẹ àlùfáà Èjìgan láti àná, àlùfáà náà sì dúró láàárín èrò, ìwé lábíyá. Ó ṣí i sí ibi tí a kọ Gbóngbò sí. Bí Fèbè ti fi ọwọ́ kan igi àkọ́kọ́ létí odò, ó ní, "Lùkù, ọmọ Ọládùnjoyè." Àlùfáà fi ìka wá a, ó rí i, ó ka ọdún rẹ̀ sókè: ọdún kejì tí a tẹ ìlú dó. Igi kejì, "Màtá, ọmọ Ibidàpọ̀." Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, ẹ̀karùn-ún, ẹ̀kẹfà. Adájọ́ ń tẹ̀lé e, gbogbo èrò ń tẹ̀lé adájọ́.

Fèbè dé ibi igi keje, ó sì dákẹ́.

Ó gbé ọwọ́ lé kùkùté náà, níbi tí oje ṣì ti ń sun. Ìka àlùfáà dúró lórí ìwé. Ọ̀dọ̀fin rẹ́rìn-ín sókè, ó ní ẹ wò ó bí, pé keje péré ló ti gbàgbé, ìgbà wo ni yóò dé ọgọ́fà? Ṣàdírákì sún mọ́ ìyá rẹ̀, omijé ti bọ́ lójú rẹ̀, nítorí òun mọ̀. Kò fẹnu bá a sọ ọ́. Ó kàn dúró tì í.

"Mi ò gbàgbé," Fèbè wí. "Yúníìsì ni. Èmi ni mo bí i. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò láyé."

Àlùfáà wo ìwé. "Yúníìsì, ọmọ Fèbè," ó kà á, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Láti ibẹ̀ lọ, kò tún dúró mọ́. Ní igi kẹtàlélọ́gbọ̀n, kí ó tó la ẹnu, ọkùnrin kan jáde láàárín àwọn ará Èjìgan, ó sì ní, "Èmi nìyí." Oòrùn ti dé àárín orí kí wọ́n tó dé ẹsẹ̀ àpáta. Ọgọ́fà orúkọ ni ó pè, ọgọ́fà ni ìwé Èjìgan jẹ́rìí sí, ní ọwọ́ ìkọ̀wé àlùfáà Èjìgan mẹ́ta tí gbogbo wọn dúró wo bí ó ti ń gbé omi àti obì lọ sí ààlà. Adájọ́ yíjú sí Ọ̀dọ̀fin. Ó bi í bóyá àlejò lè gbin obì lórí ilẹ̀ Èjìgan. Ọ̀dọ̀fin ní ó kù sí bí onílẹ̀ bá ṣe rí i.

"Kò lè gbìn ín," Dáníẹ́lì wí. "Bàbá Ọ̀dọ̀fin ló fọwọ́ ara wọn fa èyí tí bàbá mi àgbà, tí wọ́n jẹ́ àlejò lórí ilẹ̀ wọn, gbìn tu. Ọ̀dọ̀fin náà ló sì rán mi kí n wá gé ìwọ̀nyí lánàá. Èmi ni mo gé keje." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Fèbè. Fèbè na ọwọ́, ó fi kan orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tètè sọ fún un pé kí ó dìde.

Ibẹ̀ ni adájọ́ ti dá a pé láti odò dé àpáta, bí obì ti tò, ilẹ̀ Gbóngbò ni. Ariwo ayọ̀ lọ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹlé fi tú kúrò lórí àpáta.

Nígbà tí Ìkórè dé lọ́dún náà, àwọn àgbà ní kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ iṣu sí Èjìgan mọ́ láé. Fèbè gbọ́. Ní Sátidé, wọ́n rí i lọ́nà, pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ń tiro, iṣu méjìlá lórí rẹ̀. Baálẹ̀ sá tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́. Fèbè ní, "Ọlọ́run kọ́ ló pè wá lẹ́jọ́, Baálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọjá." Ṣàdírákì gba ẹrù náà lórí rẹ̀, ó rù ú lọ, a sì ń rù ú lọ títí di òní, àyàfi pé ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni à ń gbà báyìí.

Ó tún lo ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, ó ń lu agogo, ó ń ja àwọn tí ń sùn létí. Ó gbin obì mọ́kàndínlọ́gọ́ta sí i. Nígbà tí ó fi kú, ẹnikẹ́ni kò pe ìlú náà ní Gbóngbò mọ́; Ìdí-Obì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Títí di òní, bí ọmọ wa bá pé ọdún mẹ́sàn-án, a ń mú un rin ààlà láti odò, a sì ń kọ́ ọ ní orúkọ igi kọ̀ọ̀kan, kí ó lè kọ́ ọmọ tirẹ̀. A kò fa kùkùté keje tu, a kò sì gbin òmíràn dípò rẹ̀. Bí a bá dé ibẹ̀, gbogbo wa a dákẹ́, a ó gbé ọwọ́ lé e, a ó sì dúró pẹ́ díẹ̀. Àwọn àlejò a máa rò pé orúkọ náà ni a gbàgbé. Ọmọ tí a mú wá ni ó máa ń dá wọn lóhùn, nítorí ohun àkọ́kọ́ tí a kọ́ ọ kí ó tó jáde nílé nìyẹn: "A ò gbàgbé. Yúníìsì ni."